Ọmọ onílù ni mí: ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

ỌmọÀyàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ìdí ìlù ni mo dàgbà sí. Dùndún ni bàbá mi ń lù, òun náà ló sì fi ń bọ́ wa. Ìbàdàn ni mo wà báyìí, mò ń kàwé. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá kò mọ̀ ju rọ́ọ̀kì lọ. Kó ṣáà ti jí láàárọ̀, gìtá ni, tí yóò máa han bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ páànù. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àmọ́ lọ́jọ́ kan ó gbé ọ̀kan sí i, ìlù inú rẹ̀ sì mú mi nàró lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó béèrè orúkọ rẹ̀, ó ti yí i kúrò. Òun gan-an ò rántí èwo ni.

Mo wá a kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ibi tí mo yà sí, àwọn onígìtá tó dáa jù láyé ni wọ́n ń tò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ onílù. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ orin yìí tipẹ́, ẹgbẹ́ wo lẹ fẹ́ràn jù, kí lẹ sì rí lára wọn? Ibo ni ọmọ onílù lè gbà wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi ní àtòjọ, ó ti sú mi. Ẹ sọ tẹnu yín.

BàbáẸlẹ́rọ

Ọmọ Àyàn, o káre, ìbéèrè gidi lo bi. Ìlù lèmi náà fi ń yan ẹgbẹ́, ó sì ti pẹ́. Ẹni tó bá wù kó máa fi gìtá yàn. Tèmi ni pé bí onílù ò bá ti mọ ibi tó ń lọ, n ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, ká wá nǹkan mìíràn ṣe.

Èbúté Mẹ́ta ni mo ti kọ́ṣẹ́ rédíò. Bí a bá tún gramophone tàbí ampilifáyà kan ṣe tán, a gbọ́dọ̀ fi àwo dán an wò kí oníbàárà tó dé. Ọ̀gá mi kì í fi jùjú dán ẹ̀rọ wò. Ó ní jùjú a máa dùn kódà nínú sípíkà tó ti ya, kò lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Àwo àwọn òyìnbó onírọ́ọ̀kì ló fi ń dán an wò, torí pé ohùn ìsàlẹ̀ wọn wúwo. Bí sípíkà bá ti fẹ́ bàjẹ́, kíá ni wàá gbọ́ ọ. Bí rọ́ọ̀kì ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn, iṣẹ́ ló gbé e kò mí. Mo gbọ́ Cream títí mo fi lè fi ẹnu lu gbogbo ìlù inú rẹ̀.

Àwọn mẹ́ta péré ni Cream. Eric Clapton ló ń ta gìtá, Jack Bruce ń ta bass, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ó sì ń kọrin, Ginger Baker ló wà nídìí ìlù. London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1966, nígbà tó sì fi máa di November 1968, wọ́n ti ṣeré ìdágbére ní Royal Albert Hall. Baker àti Bruce ò lè rí ara wọn sójú, àmọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe bára wọn mu lórí àwo kó o wá fi ibi tí ìjà náà wà hàn mí. Nínú àwo wọn àkọ́kọ́, orin kan wà tó ń jẹ́ "Toad". Ìlù ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlù ẹsẹ̀ méjì ni Baker ń lò, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń yìn, àmọ́ ẹsẹ̀ ni kó o dẹtí sí. Bó o ṣe mọ̀ pé omele á dúró sójú kan kí ìyáàlù lè ráyè rìn, wàá rí ohun tó ń wá.

Mi ò sọ pé ìlù wa ló ń lù o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi jà. Jáàsì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Phil Seamen, onílù jáàsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àwo ìlù ilẹ̀ Áfíríkà fún un gbọ́ nígbà tó ṣì ń wá ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ní 1971 ó wa Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà já wá sí Èkó. Ọdún yẹn náà ni òun àti Fela jọ gbé àwo jáde. Ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà, ó ṣí i ní 1973. Ọdún yẹn ni Paul McCartney, tó ti wà nínú Beatles rí, wá sí Èkó láti ṣe àwo Band on the Run. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n ya ọ̀dọ̀ Baker ní Ìkẹjà lọ ṣe orin kan, "Picasso's Last Words". Ṣé o mọ ohun tí Baker, ọ̀gá onílù, gbé dání níbẹ̀? Agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ló ń mì. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ojú-ẹsẹ̀! Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ọ̀pọ̀ nǹkan tó fi igi lù lọ.

Àmọ́ àwa tá a wà ní Èkó nígbà náà, kò pọn dandan ká máa wo òkè òkun. Laolu Akins wà nílé. Onílù ni, òun àti Berkley Jones onígìtá ti wà nínú ẹgbẹ́ Clusters rí, wọ́n ti bá Baker ṣeré nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Salt, ní 1972. Ìgbà tó yá, wọ́n mú Mike Odumosu mọ́ra, wọ́n sì fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ Berkley, Laolu àti Odumosu pe ara wọn ní BLO. Chapter One, àwo wọn àkọ́kọ́, jáde ní 1973. Ohun tó mú mi lára Laolu ni ìfarabalẹ̀. Baker fẹ́ kó o mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, Laolu ò bìkítà. Nínú "Chant to Mother Earth", kò kánjú rárá, àyè tó fi sílẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn yòókù lè máa rìn gbẹ̀fẹ́ nínú rẹ̀. (Àwo tèmi, ẹnì kan yá a, kò dá a padà títí dòní. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà sì mọ ara rẹ̀.)

Wàyí o, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú rọ́ọ̀kì pé orin ọmọ ìta ni, tí wọ́n sì ń fi Afro Jùjú Shina Peters jó títí ilẹ̀ ń mọ́, wọn ò mọ̀ pé Laolu Akins yìí kan náà ló bójú tó iṣẹ́ àwo Ace tó jáde ní 1989. Ìlù tó ń sáré, tó mú gbogbo òde ìnáwó gbóná nígbà náà, onílù rọ́ọ̀kì ló jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Èmi kì í bá wọn jiyàn mọ́, mo kàn máa ń ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn àwo wò.

Bó o bá bi mí pé ìlù wo ló wúwo jù tí mo gbọ́ rí lórí àwo, "When the Levee Breaks" ni, ti Led Zeppelin, 1971. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, torí iṣẹ́ tiwa nìyí. Ilé ńlá àtijọ́ kan wà ní Hampshire tí wọ́n ń pè ní Headley Grange. Àwọn aláìní ni wọ́n kọ́ ọ fún láyé ọjọ́un. Ìgbọ̀ngàn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní àtẹ̀gùn tó ga lọ sókè réré. Wọ́n gbé ìlù John Bonham sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Andy Johns tó ń gbohùn sílẹ̀ wá so máíkì méjì kọ́ sókè lọ́hùn-ún. Kò ki máíkì kankan bọ ẹnu ìlù. Wọ́n wá tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i, tí ìlù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ní ìkejì tó ń tẹ̀ lé e. Ohun tó ò ń gbọ́ nínú àwo yẹn, ilé ló ń dún. Ìwọ tó o ti gbọ́ dùndún lágbàlá ààfin mọ ohun tí mò ń wí, ògiri wà nínú ìlù náà. Orin yẹn ni mo fi ń dán ampilifáyà wò títí mo fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

Bonham kú ní September 1980. Nígbà tó di December, àwọn mẹ́ta tó kù kéde pé ó parí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn lórí ìyẹn ju orin wọn lọ. Keith Moon ti The Who kú ní 1978, wọ́n wá ẹlòmíràn fi rọ́pò, wọ́n ń bá a lọ. Mi ò ra àwo wọn kankan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ lè ní mo le jù. Bí ìyáàlù bá kú, ta ni yóò fi omele ki ọba?

Mo fẹ́ràn Rolling Stones náà, nítorí Charlie Watts, onílù wọn. Wá fídíò rẹ̀ wò, kó o sì tẹjú mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Bí ọwọ́ òsì bá fẹ́ lu snare, ìlù kékeré tó ń dún ṣáá yẹn, ọwọ́ ọ̀tún á kúrò lórí hi-hat, kimbali méjì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ onílù rọ́ọ̀kì ń lu méjèèjì pa pọ̀ ni. Àlàfo bín-ín-tín yẹn ló ń jẹ́ kí orin wọn máa fì síwá sẹ́yìn. Àkúbà inú "Sympathy for the Devil" sì rèé, ọmọ Gánà kan, Rocky Dzidzornu, ló lù ú.

Àwọn yòókù ò gba àyè púpọ̀ lọ́dọ̀ mi. Beatles, mo fẹ́ràn Ringo, ọlọ́wọ́ òsì tó ń lu ìlù tí wọ́n tò fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, tí ìlù rẹ̀ fi máa ń yà síbi téèyàn ò rò. Pink Floyd, oorun.

Ibi tí wàá gbà wọlé ni Santana, "Jingo", nínú àwo wọn àkọ́kọ́, 1969. Àmọ́ kó o tó gbọ́ ọ, kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tó ni í. Babatunde Olatunji, ọmọ Ajido lọ́nà Badagry, ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà nínú Drums of Passion ní 1960, ìlù àti ohùn ènìyàn. Carlos Santana àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco ló wá fi gìtá àti dùùrù oníná sí i. Gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra. Má sì fi fóònù lásán gbọ́ ọ o. Sípíkà fóònù ò lè gbé ìlù ẹsẹ̀ jáde, wàá kàn rò pé gìtá nìkan ló wà níbẹ̀ ni.

OlókùnMẹ́fà

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, ẹ kú àgbà, àmọ́ ẹ fẹ́ ṣi ọmọ lọ́nà. Bó bá jẹ́ ìlù nìkan ni, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kó gbọ́ ti Santana? Ìlù wà nínú ti Olatunji, ó sì pọ̀ tó. Gìtá ló sọ ọ́ di rọ́ọ̀kì. Ẹ yọ Berkley Jones kúrò nínú Chapter One, kí ló kù? Ẹ yọ Jimi Hendrix kúrò nínú ẹgbẹ́ tiẹ̀, ó ku Mitch Mitchell. Onílù gidi ni, mo gbà, àmọ́ ta ló máa sanwó wọlé wá wò ó?

Ọmọ Àyàn, tèmi rèé: Ofege. Ọmọ iléèwé ni wọ́n, St. Gregory's College ní Obáléndé, nígbà tí wọ́n ṣe Try and Love ní 1973. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nílé ẹ̀kọ́ mìíràn lásìkò yẹn, ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òun ń há ìwé ìdánwò sórí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé àwo jáde! Wàá gbọ́ ọ lóhùn wọn pé wọn ò tíì gbó, ṣùgbọ́n gìtá yẹn ò mọ̀ pé ọmọdé ló gbé òun dání. Ó ń ké, ó ń ha, ó sì tún ń dùn.

Àti Pink Floyd, ẹ̀gbọ́n, oorun kọ́. Ẹ pa iná, ẹ jókòó, ẹ má tún ẹ̀rọ kankan ṣe, kẹ́ ẹ gbọ́ The Dark Side of the Moon láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìró ọkàn tó ń lù kì-kì ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ìlù ẹsẹ̀ Nick Mason, onílù wọn, ni wọ́n fi ṣe é. Ìlù náà nìyẹn, àbí kì í ṣe ìlù?

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mi ò rí obìnrin kankan. Baker tẹ́ ẹ ń pariwo yìí, nígbà tó kó Salt jọ, ta ló ń kọrin níbẹ̀? Taiwo àti Kehinde Lijadu. Ìbejì lèmi náà bí, ẹ má bínú bí mo bá gbè sẹ́yìn wọn. Ọmọ Àyàn, gbọ́ Danger tí wọ́n gbé jáde ní 1976. Ohùn méjì yẹn wọnú ara wọn débi tí o ò ní mọ èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Kehinde ti di olóògbé ní 2019, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Gúúsù London ni mo dàgbà sí. Níléèwé, bí ọmọ dúdú bá ń gbọ́ gìtá, wọ́n á ní ó ń ṣe bí òyìnbó. Nílé, ìyá mi á béèrè pé ta ló ń jà nínú rédíò. Skin, akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Skunk Anansie, ló gbà mí. Ọmọ Brixton ni, ó dúdú bíi tèmi, ó fárí kodoro, ohùn rẹ̀ sì lè gbé òrùlé. Nígbà tí wọ́n fi ẹgbẹ́ rẹ̀ kádìí Glastonbury, àjọ̀dún orin ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1999, orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń wò ó, mo sáré pe ìyá mi wá. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní: "Ọmọ yìí tínrín o. Ṣé ó ti jẹun?"

ỌmọÀyàn

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo yá sípíkà ńlá lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń gbá orin níbi ìnáwó, mo sì ti gbọ́ díẹ̀. Bàbá, ẹ má bínú, "Toad" gùn jù fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa, àmọ́ nílé wa, bí onílù bá lù tó báyẹn láìwo ojú ẹni tó ń jó, wọ́n á gba ọ̀pá ìlù lọ́wọ́ rẹ̀. "Levee" ni mo dúró tì. Ọkùnrin yẹn ò ṣe àrà kankan, ojú kan náà ló ń lù lọ. Ara mi ti wà lọ́nà kó tó yí i, nígbà tó sì yí i, díẹ̀ báyìí ló yí i, ó tún padà. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tí kò lè lu ojú kan fún wákàtí kan kò tíì kọ́ ìlù.

Ẹ̀gbọ́n OlókùnMẹ́fà, Jingo ti Olatunji ni mo mú, ẹ jọ̀ọ́. Àmọ́ Ofege yẹn dùn o, ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ti gbà á sórí fóònù tiẹ̀, kò sì gbàgbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n.

Ìbéèrè kan kù. Ǹjẹ́ onírọ́ọ̀kì kan wà tó jẹ́ kí gángan gidi wọ inú iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́?

BàbáẸlẹ́rọ

OlókùnMẹ́fà, o mú mi lórí Nick Mason yẹn, n ó tún un gbọ́. Àmọ́ lórí Jingo, ìlù ti wọlé, ó ti jókòó, kí gìtá tó kanlẹ̀kùn. Tún un gbọ́ ìwọ náà. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀jìrẹ́. Danger wà nílé mi, òun ni ẹni yẹn ò tíì yá.

Ọmọ Àyàn, ó wà. Mickey Hart ni, ọ̀kan nínú onílù méjì tí Grateful Dead ti California ní. Nígbà tó ṣe Planet Drum ní 1991, ó kó àwọn àgbà onílù jọ: Zakir Hussain láti Íńdíà, Airto Moreira láti Brazil, Olatunji wa yìí náà, àti Sikiru Adepoju lórí gángan. Ọmọ Èrúwà ni Sikiru, ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀, ìdílé onílù ló ti wá bíi tìẹ, ó sì ti bá Ebenezer Obey ṣeré kó tó ré kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Àwo náà ló gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún àwo orin àgbáyé. Kò sí gìtá nínú rẹ̀, OlókùnMẹ́fà á sì ní kì í ṣe rọ́ọ̀kì, ẹ má dá a lóhùn. Gbé e lọ sílé fún bàbá rẹ, kí wọ́n túmọ̀ ohun tí gángan náà ń wí, kó o wá kọ ọ́ síbí. Àwa ará Èkó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, kò délẹ̀.